Iwájú, Rosewater àti Ilé Wa: Èrò Olólùfẹ́ Ìtàn Àròsọ Onísáyẹ́ǹsì Kan

Iwájú, eré àwòrán alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú tí Walt Disney Animation Studios àti ilé-iṣẹ́ Kugali jọ gbé jáde, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmẹ́nu ba géèmù tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, ìpín kan nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n onísáyẹ́ǹsì ti BBC, tí ó gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó, àti ìwé Rosewater tí Tade Thompson kọ, nítorí pé inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ti ń du àkókò wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìlú London ni a ń gbé. Èmi ni mo fẹ́ràn ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Bọ́ọ̀lù ni ọkọ mi mọ̀. Àwọn ọmọ wa ń wo ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti ń tàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa gbé láti Abẹ́òkúta, a sì máa sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í dìde títí eré yóò fi parí. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irú ìtàn báyìí kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹ̀rọ tuntun bá dé ìlú, ta ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ta ni ó ń tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́, ta sì ni wọ́n tì mọ́ ìta? Ìtàn tí kò bá ní nǹkan kan láti sọ sí ìbéèrè yìí, bí ó ti wù kí ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ dán tó, kì í pẹ́ lọ́kàn mi.

Bí Iwájú ṣe bẹ̀rẹ̀ pàápàá dùn ún gbọ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ó wà nídìí Kugali: Tolu Olowofoyeku àti Fikayo Adeola tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Hamid Ibrahim tí ó jẹ́ ọmọ Uganda. Ìwé ìtàn aláwòrán ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ní ọdún 2019, wọ́n bá BBC sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọ́nnu pé àwọn yóò na Disney nídìí iṣẹ́ yìí. Disney gbọ́, ṣùgbọ́n dípò kí inú bí wọn, iṣẹ́ ni wọ́n fi lọ àwọn ọ̀dọ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni Disney kéde àjọṣe wọn, ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024 sì ni eré náà jáde lórí Disney+, ìkànnì Disney tí a ń sanwó wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Adeola ni olùdarí eré. Ibrahim ni ó ya bí ayé inú rẹ̀ yóò ṣe rí. Iṣẹ́ Olowofoyeku ni láti máa ṣọ́ àṣà àti ìṣe kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n gbé. Mo dá orúkọ ẹni kẹta yìí sọ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ eré òyìnbó ni mo ti wò tí wọ́n ní Áfíríkà ni àwọn ń ṣe, tí ènìyàn kò sì ní lè sọ bóyá Accra ni ó wà tàbí Nairobi. Èkó ni èyí, ẹni tí ó bá ti sun oorun ọjọ́ kan péré níbẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Tola jẹ́ ọmọbìnrin olówó tí ń gbé ní Island, apá Èkó tí àwọn olówó wà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Tunde bàbá rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ náà kì í sì í jẹ́ kí ó ráyè gbọ́ ti ọmọ. Kole, ọ̀rẹ́ Tola, ọmọ Mainland ni, apá ìlú tí àwọn tí kò lówó ń gbé. Ó ń tọ́jú ọgbà nílé wọn, ó sì mọ ẹ̀rọ dé góńgó láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ. Bode DeSousa ni olórí àwọn ajínigbé tí ń gbé ọmọ olówó láti fi gba owó lọ́wọ́ òbí wọn. Nítorí irú wọn ni Tunde ṣe ṣe Otin, rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ní àwọ̀ àti ìrísí alángbá, tí ó fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ kí ó lè máa ṣọ́ ọ. Tola ń fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Mainland tí wọn kò jẹ́ kí ó dé rí. Bode sì mọ̀ pé Kole, tí àìní ń gbò, ni ọ̀nà tí òun lè gbà dé ọ̀dọ̀ Tola.

Ohun tí mo yìn jù nínú eré náà ni pé ọkọ̀ ń fò lójú ọ̀run, síbẹ̀ ìlú ṣì pín sí méjì. Ẹni tí ó bá ti wà lórí afárá Third Mainland rí ní ìdájí, afárá tí ó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 tí wọ́n sì parí ní ọdún 1990, tí ó ń wo àwọn ilé orí omi Makoko àti èéfín tí ń jáde lára wọn bí òun ti ń sún mọ́ àwọn ilé gíga Island díẹ̀díẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, yóò mọ̀ pé ìpínyà yìí kì í ṣe àròsọ rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ìtàn ọjọ́ iwájú a máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ tí ó bá ti gbọ́n tó ni yóò pa ìṣẹ́ run. Àwọn Kugali kò purọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa. Nínú eré wọn, ẹ̀rọ tún fi ògiri kún ògiri ni: ẹni tí ó lówó ra ààbò, ẹni tí kò lówó sì di ẹni tí a ń dáàbò bo olówó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ohun ńlá ni kí Disney gbà kí irú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú eré ọmọdé.

Kole gan-an ni ó sì dáhùn ìbéèrè mi nípa ẹni tí ń tún nǹkan ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé fóònù lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà rí ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Òun ni ọmọ tí kò rówó jókòó pẹ́ ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n tí ó lè tú ẹ̀rọ tí wọ́n kàn ní Ṣáínà palẹ̀ lórí àpótí kékeré lábẹ́ agboòrùn, kí ó sì tún un tò láìwo ìwé kankan. Eré yìí bu ọlá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìṣe é ní aláìlábàwọ́n. Ó jẹ́ kí a rí bí ìmọ̀ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú, àti pé kì í ṣe ìwà ibi ni ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Bode.

Ọ̀rọ̀ Otin ni ó kọ́kọ́ di àríyànjiyàn nílé wa. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí a ra irú rẹ̀ fún àwọn. Màmá kò gbà. "Ìyàwó mi, ta ní ń kó alángbá wọ yàrá ọmọ?" ni wọ́n bi mí, mo sì ní, "Ẹ má bínú, Màmá, irin ni." Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe yan alángbá. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn fi ajá tàbí ológbò ṣe é. Alángbá ni ẹran tí gbogbo wa bá lára ògiri, tí ń mi orí lórí búlọ́ọ̀kù ilé tí a kò tíì kọ́ tán, tí a sì ń pa á lówe pé ó já láti orí ìrókò, ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. Kò sí ọmọ Èkó tí yóò wo alángbá lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ó dára jù ú lọ. Weruche Opia ni ó fi ohùn sọ̀rọ̀ fún Otin, ó sì ṣe é ní jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ tí kò pariwo.

Àkọ́bí wa, tí ó ti di géńdé díẹ̀, ni ó sọ ohun tí n kò ronú kàn. Ó ní Otin ti wà lọ́wọ́ òun tipẹ́, nínú fóònù òun, níbi tí bàbá òun ti ń wo ibi tí òun wà nígbàkigbà. Ọkọ mi dáhùn pé London kì í ṣe ibi ìṣeré. Ọmọ náà sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Otin ń ṣiṣẹ́ fún, Tola ni àbí bàbá rẹ̀?" N kò rò pé ọ̀pọ̀ alárìíwísí tí ń gba owó rí ìbéèrè yẹn béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí ilé jọ jókòó wo ìtàn onísáyẹ́ǹsì ju kí olúkúlùkù lọ tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀ lọ: ó ń fún ọmọ ní ẹnu láti fi sọ ohun tí kì bá lè sọ fún àgbà lójúkojú láìdàbí aláfojúdi. Bákan náà ni nígbà tí Tola ń retí bàbá tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó yọjú, àwọn ọmọ yíjú wo bàbá tiwọn, tí ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ òru. Ó ń súfèé bí ẹni pé òun kò rí wọn. Dayo Okeniyi, tí ó sọ̀rọ̀ fún Tunde, jẹ́ kí a gbọ́ àárẹ̀ nínú ìfẹ́ ọkùnrin náà, kò sì sọ ọ́ di ìkà.

Femi Branch, tí ẹ̀yin òǹwòran fíìmù Yorùbá mọ̀ dáadáa, ni ohùn Bode. Ó gbádùn ìwà ibi náà débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹ́ kí ó tún jáde sí i. Orin tí Ré Olunuga ṣe sí i náà kò jẹ́ kí a gbàgbé ibi tí a wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ jù, ní ohùn ọmọ Nàìjíríà gidi, pẹ̀lú Pidgin àti Yorùbá tí wọ́n bù sí i níbi tí ó bá yẹ. Fún àwọn ọmọ tí a bí sí London, tí wọ́n ti mọ́ ohùn wa lára gẹ́gẹ́ bí ohùn ìbáwí nílé, kì í ṣe ohun kékeré pé wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu akọni. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ tèmi, Yorùbá inú rẹ̀ ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbùkù rẹ̀ wá ń kọ́? Ó kúrú jù. Ìpín kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, mẹ́fà péré sì ni wọ́n. Ibi tí ó yẹ kí a ti jókòó ní Mainland, kí a mọ ọjà rẹ̀, kí a mọ ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣe fún ara wọn láìretí Island, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti ń sáré. Wọ́n fi hàn wá pé ìlú pín, wọn kò sì lọ́ra láti fi ìka kan ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, ọ̀rọ̀ ìlú di ọ̀rọ̀ olè kan àti ọmọ kan. Bí ọwọ́ bá tẹ Bode, kí ni ó yí padà fún ìyá Kole? N kò bínú sí i pé ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọdé lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti rí i nílé mi. Ó jọ pé Disney fún àwọn ọ̀dọ́ yìí ní àyè, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní àkókò.

Ohun mìíràn tí ó dùn mí kò sí lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe eré náà. Nígbà tí Iwájú jáde, Disney+ kò tíì ṣí ilẹ̀kùn sí Nàìjíríà. Àwa tí a wà ní London ni a kọ́kọ́ fi ìrọ̀rùn wo Èkó, nígbà tí àwọn ará Èkó ní láti dúró de ìgbà tí yóò dé ìkànnì Disney lórí DStv. Eré tí ó dá lórí ẹni tí wọ́n tì mọ́ ìta wá di ohun tí wọ́n ti àwọn onílé mọ́ ìta rẹ̀.

Géèmù tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ni Disney Iwájú: Rising Chef. Maliyo Games, ilé-iṣẹ́ tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó, ni ó ṣe é fún fóònù. Ìwọ ni alásè. Àwọn oníbàárà ń tò, o ń se oúnjẹ Nàìjíríà, o sì gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú wọn kí sùúrù wọn tó tán. Ó ṣeé ṣe kí inú yín dùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti máa ń fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan mọ ilé wá ń béèrè oúnjẹ mìíràn lọ́wọ́ Màmá, èyí sì dùn mọ́ wọn nínú gan-an. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí géèmù onísáyẹ́ǹsì, kò sí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá mú àwòrán Tola àti Kole kúrò, géèmù oúnjẹ sísè tí a ti mọ̀ ni ó kù. Èmi ìbá fẹ́ géèmù tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe pẹ̀lú Kole, tí a ó máa wá ohun èlò káàkiri Mainland, tí ìpinnu ẹni yóò sì ní ohun tí ó ń yọrí sí. Mo gbóríyìn fún Maliyo pé ọmọ Nàìjíríà ni Disney gbé iṣẹ́ náà fún. N kò lè sọ pé mo ṣì ń fi géèmù náà ṣeré.

Doctor Who bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní ọdún 1963, ó sì pẹ́ kí ó tó rántí pé Èkó wà láyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni "The Story & the Engine" jáde, èyí tí Inua Ellams, akéwì tí wọ́n bí sí Jos, kọ. Ncuti Gatwa, tí ó ń ṣe Doctor, akọni eré náà, nígbà yẹn, lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Èkó, ó sì bá a pé onígbàjámọ̀ kan ti há ọ̀rẹ́ náà àti àwọn oníbàárà mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù náà; bí wọ́n bá ti ń gé irun ẹnì kan ni onítọ̀hún gbọ́dọ̀ máa pa ìtàn, ìtàn yẹn sì ni epo tí ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà rìn lẹ́yìn aláǹtakùn ńlá kan lókè ọ̀run. Mo dìde pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi, tí kì í bá mi wo Doctor Who, kò kúrò níbẹ̀, nítorí pé ó mọ irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn àti bí wọ́n ṣe ń takùrọ̀sọ. Abena, ọmọ Anansi, ọlọ́run aláǹtakùn inú ìtàn àwọn Akan, fi irun dídì ya àwòrán ọ̀nà àbáyọ sórí Doctor. Màmá, tí wọ́n ti di ṣùkú àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ fún ìdajì àdúgbò wọn nígbà èwe, ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà ni ìlà orí náà. Ìṣòro mi pẹ̀lú rẹ̀ ni pé nígbà tí ó di ìdajì, àwọn òrìṣà àti àwọn ọlọ́run oríṣiríṣi rọ́ wọlé débi pé onígbàjámọ̀ náà ní láti dúró ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Èkó sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, bí mo bá ní láti fi ìpín kan pe ẹni tí kò wo ìtàn onísáyẹ́ǹsì rí, òun ni màá fi pè é ṣáájú Iwájú.

Rosewater ni ó gba ipò kìíní lọ́kàn mi, kì í sì í ṣe fún ọmọdé rárá. Ọdún 2016 ni ó kọ́kọ́ jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, ní ọdún 2019. Dókítà àrùn ọpọlọ ni Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tí ó sì dàgbà sí Nàìjíríà. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ó gbé ìtàn náà sí: ohun abẹ̀mí kan láti òde ayé ti rì wọ inú ilẹ̀, ó sì gbé òrùlé ńlá bíi igbá sókè, ìlú kan sì hù yí i ká. Lọ́dọọdún ni òrùlé náà máa ń ṣí, tí àwọn aláìsàn yóò sì rí ìwòsàn, àfi pé a wo àwọn kan sàn ní òdì, àwọn òkú kan sì jí láìsí ẹnì kankan nínú ara wọn mọ́. Kaaro, tí ó ti jalè rí, lè wọ inú èrò ọkàn ẹlòmíràn. Ní báǹkì, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ka ìwé sókè kí àwọn olè má baà rí ọ̀nà wọ ọkàn àwọn oníbàárà, ìjọba sì tún ń fi í ṣe iṣẹ́ àṣírí tí kò fẹ́.

Ibi tí Thompson ti borí fún mi ni ti iná mànàmáná. Láti ara ohun abẹ̀mí náà ni ìlú ti ń rí iná tí kì í kú. Òǹkàwé ilẹ̀ mìíràn lè ka ibẹ̀ kọjá. Ọmọ Nàìjíríà yóò dúró, nítorí pé ó mọ̀ pé àwa yóò kó ẹrù wa lọ bá ohunkóhun tí ó bá lè fún wa ní iná láìdáwọ́ dúró, a kì yóò sì béèrè ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ wa títí yóò fi pẹ́ jù. Ìbéèrè tí Iwájú fi ọwọ́ bà tí ó sì sá, Rosewater jókòó tì í. Kaaro kì í ṣe ẹni rere. Bí ìtàn ṣe ń fò síwá sẹ́yìn láàrin ọdún kan sí òmíràn lè rẹ ẹni tí kò bá ní sùúrù, ìbálòpọ̀ àti ìwà ipá inú rẹ̀ sì tó kí n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àkọ́bí wa ti ń bẹ̀ mí. Mo ní kí ó di ìgbà tí ó bá pé ọdún méjìdínlógún.

Fún àwọn òbí tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi yóò ní kí wọ́n fi Iwájú han ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́jọ sókè, kí wọ́n sì jókòó tì í níbi ìjínigbé, nítorí pé kò fi ẹ̀rù rẹ̀ ṣeré. Ẹ san owó Disney+ fún oṣù kan ṣoṣo, ẹ wo ó ní ìrọ̀lẹ́ méjì, kí ẹ sì wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa bí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà ṣe ṣiṣẹ́, Iwájú: A Day Ahead, kí ẹ tó dáwọ́ owó náà dúró. Rosewater ní ìwé méjì tí ó tẹ̀ lé e, ọdún 2019 sì ni àwọn méjèèjì jáde. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì.